Ìwọ́ Mẹ́rìndínlógójì Inú Agolo

Ọ̀sán Sátidé kan lọ́dún 1987 ni, Yèyé Àrìnpé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ó ń bó ẹ̀gúsí, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó wọlé dé bá a ni Ọlálérè, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tíṣà sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé girama kan ní Ìlúmọba. Ó ti dé Lọ́ńdọ̀n rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, irú ìdọ̀bálẹ̀ àwọn tí kò fẹ́ kí ṣòkòtò wọn rún.

"Yèyé, ẹ kú iṣẹ́ o. Agolo mi ni mo wá gbà."

"Káàbọ̀. Ùyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó wà. Agolo mi, Yèyé."

"Ulé ńkọ́? Uṣẹ́ ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ jọ̀wọ́, agolo."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ọlálérè ti gbé Esther níyàwó láti ọdún méje, wọn kò tíì bímọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju Yèyé lọ.

"Ọmọ wo, Yèyé?"

"Tó bá jẹ́ àṣírí ni, má dá mi lóhùn. Èmi kì í ṣe olófòófó."

Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà nínú agolo náà, nítorí ẹni tí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi lè rò pé wúrà ni. Ìdọ̀tí ìdodo ni. Láti ọdún mẹ́ta ni Ọlálérè ti ń ti ìka bọ ìdodo ara rẹ̀ láràárọ̀, tó ń yọ òwú wínníwínní tó bá níbẹ̀, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní ìparí oṣù, á wọ̀n ọ́n, á dì í sínú ìwé, á kọ déètì sí i. Esther ìyàwó rẹ̀ ní kó yan ọ̀kan, yálà agolo kúrò nílé tàbí òun kúrò. Ìdí nìyẹn tó fi gbé agolo wá fún Yèyé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ó fẹ́ gbé e lọ síwájú àwọn aláṣẹ ilé ìwé tuntun kan ní Àkúrẹ́, tí wọ́n ní tíṣà tí ìwádìí rẹ̀ bá dára jù ni àwọn máa fi ṣe olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń bá a du ipò náà, Morákinyọ̀ tí ń sin ìgbín.

"Yèyé, ṣé kò sí ohun tó ṣe agolo mi?"

"Kí ni yóò ṣe é? Mo ti fọ̀ ọ́. Uyọ̀ ló wà nínú ẹ̀ báyìí."

Ọlálérè jókòó lójijì, díẹ̀ ló kù kó jókòó lé ẹ̀gúsí.

"Ohun tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Àwọn ìwé kéékèèké tí mo dì, mẹ́rìndínlógójì?"

"Ó ò, àwọn ọmọ. Mo ti rì wọ́n mọ́lẹ̀."

"Ẹ ti ṣe kí ni?"

"Mo ti rì wọ́n. Kí ni wọ́n ń fi ìwọ́ ọmọ ṣe ní Lọ́ńdọ̀n? Ṣé wọ́n ń sè é jẹ ni?"

"Kì í ṣe ìwọ́, Yèyé."

Yèyé gbé ẹ̀gúsí kan sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò bíi pé ẹ̀gúsí ló ń purọ́ fún un. Ó wá rán an létí pé ibi tó jókòó sí yìí gan-an ló dúró sí lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tó fi gírámà lẹ́nu rẹ̀ sọ pé ohun tó ti inú ìdodo ènìyàn jáde ni, àti pé bó bá sọnù, ayé òun ti bàjẹ́.

"Mo ti lo ọdún méjìdínláàádọ́rin láyé," ó ní. "Mo ti gbẹ̀bí ọmọ tí kò níye. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń ti ìdodo wá tí kò gbọdọ̀ sọnù. Bó bá ti di méjì, sọ fún mi. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ń ṣe nǹkan lọ́tun."

"Ẹ fara balẹ̀, kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí sáyẹ́ǹsì ṣe rí i."

"Ṣàlàyé. Ẹ̀gúsí mi kò tíì tán."

Ọlálérè gbọn ẹ̀wù, ó dìde dúró bó ṣe máa ń dúró níwájú pátákó. Ọkùnrin náà kò lè fi ìjókòó sọ òótọ́ kankan.

"Bí ènìyàn bá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, òwú ara rẹ̀ á máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Irun ikùn á wá máa gbá òwú náà jọ. Gbogbo irun ikùn ló dojú kọ ìdodo, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbá a lọ. Ìyẹ̀fun ara tó ti kú á dà pọ̀ mọ́ ọn, òógùn á rin ín, á sì ṣù pọ̀."

"Urun ló ń gbá a."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló wá ń kó o?"

"Èmi ni."

"Lẹ́yìn yunifásítì."

"Lẹ́yìn yunifásítì, Yèyé."

"Ó dára. Èmi náà ń gbá ulẹ̀, mo sì ń kó o, ṣùgbọ́n n kò lọ sí yunifásítì. Wọ́n rẹ́ mi jẹ."

Ọlálérè kò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, tàbí ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ó ní síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun ń mú òwú wá ju èyí tó ti gbó lọ, nítorí òwú èyí tó gbó ti ṣí tán. Ó ní ọkùnrin onírun ní í ju ẹni tí ara rẹ̀ ń dán, àti pé tí ènìyàn bá fá irun ikùn rẹ̀, ìdodo rẹ̀ á mọ́ fínnífínní títí irun á fi hù padà.

"Báwo lo ṣe mọ ti fífá?"

"Mo fá a ni."

"Esther rí ọ?"

"Òun ló bá mi mú jígí."

Yèyé dáwọ́ dúró. Ó kọjú sí apá ibi tí Ìlúmọba wà, ó rọra ní, "Esther, ẹ kú ara fẹ́ra kù o," lẹ́yìn náà ló padà sídìí ẹ̀gúsí.

Tíṣà wa kò dúró níbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ìdodo ẹnì kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí fún ayé, pé òun ti rìn kiri Ìlúmọba, tí òun ń bẹ àwọn ọkùnrin kí wọ́n gbé ẹ̀wù sókè. Àwọn mélòó kan gbà. Kátíkíìsì gbàdúrà fún un. Adẹ́mu kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ kò bá a sọ̀rọ̀ rárá, ọ̀bẹ ẹmu ló kàn nà sí i, Ọlálérè sì fi eré kọ ìyókù ìwádìí ọjọ́ náà.

"Ó ṣe mí láàánú," ni Yèyé wí. "Adẹ́mu náà."

"Àwọ̀ wọn pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú wọn rí bí eérú, nítorí aṣọ tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó pupa. Ti oṣù Kérésìmesì nìyẹn, ẹ̀wù òtútù pupa tí Esther rà fún mi ló fà á."

"Èyí tó pupa yẹn. Bí àwọn àgbà bá tún bi mí, màá ní ìyá tiẹ̀ ló pupa."

Ọlálérè pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ tì.

"Àgbà wo?"

"Àgbà ẹbí. Ṣé èmi nìkan ni mo máa dá rì ìwọ́ mẹ́rìndínlógójì? Mo ránṣẹ́ pè wọ́n lọ́jọ́bọ̀. Bàbá Adéwùnmí, olórí ẹbí wa, fi awò sójú, ó ka déètì ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní oṣooṣù ni. Ó ní ewúrẹ́ pàápàá a máa sinmi."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní tíṣà ni ọ́, o ní táìmù-tébù."

"Yèyé."

"Wọ́n bi mí bóyá obìnrin kan ló bí gbogbo wọn. Mo ní ọmọ wa ti dé Lọ́ńdọ̀n, kí wọ́n má ṣe wádìí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kí mi kú oríire. Bàbá Adéwùnmí tún bi mí pé irú uṣu wo lo ń jẹ ní Ìlúmọba."

Ọlálérè di orí mú. Ó ro ti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ó ro ti Morákinyọ̀ tó máa gbé ìgbín rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì ro ti Esther tó máa gbọ́ lọ́jà pé ọkọ òun ti di bàbá ọmọ mẹ́rìndínlógójì láàárín ọdún mẹ́ta. Èyí tó kẹ́yìn ló kọ́kọ́ ṣú u lójú. Ó sáré wọlé, ó gbé ọkọ́ kan jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Níbo lẹ rì wọ́n sí?"

"Oko bàbá wa, lọ́nà Ìsẹ̀. Ìdí ugi obì tuntun ni mo rì ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, bí a ti ń ṣe é. Ugi ọmọ kì í dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì."

"Mo ń lọ hú wọn nísinsìnyí."

"Lọ. Ọkọ́ yẹn kò mú, ṣùgbọ́n ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n lò, ẹ bára yín mu. Wàá bá Ládépọ̀ níbẹ̀. Láti àná ló ti ń rìn kiri ibẹ̀, tó ń ka ugi, tí orí ń fọ́ ọ."

Ọlálérè dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni Ládépọ̀ ń wá lórí ilẹ̀ tí bàbá mi ń ro?"

"Áà. O ti wá rántí pé bàbá rẹ ń ro ulẹ̀."

Yèyé gbé igbá ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n kò bó ẹ̀gúsí mọ́. Ó sọ fún un pé láti ìgbà tí Ògúndélé bàbá rẹ̀ ti kú ni Ládépọ̀, ọbàkan òun àti Ògúndélé, ti ń wo oko náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Nígbà tó tó àkókò láti pín in, Ládépọ̀ ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, ìpín kan fún orí kan, láàárín àwọn ọmọ tí àwọn ọkùnrin bí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yọ Àrìnpé ọmọ Yèyé kúrò. Ó tún fi òfin kan lé e, pé ẹni tí ìwọ́ rẹ̀ bá wà nínú ilẹ̀ náà nìkan ni kó gba ìpín. Ọmọ mẹ́rìnlá ni Ládépọ̀ bí, ìwọ́ gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ti Ọlálérè fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí ìlú ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Àwọn àgbà sì gbà, nítorí òfin náà dún létí.

"Mo ránṣẹ́ pè ọ́ nígbà méjì pé kó o wá sọ̀rọ̀ níwájú ẹbí," ó ní. "O ní o ń wọn nǹkan kan tí kò ṣeé fi sílẹ̀. Kí lò ń wọ̀n?"

"Ti oṣù kẹsàn-án."

"Ó wúwo?"

"Kò tó ìyẹ́ adìyẹ kan."

"O ṣeun. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wúwo ju ulẹ̀ baba rẹ lọ ni."

Ọlálérè gbé ọkọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì.

"Ó sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wa," ni Yèyé ń bá a lọ. "Ládépọ̀ ní àlejò ni ọ́. Ó ní ọkùnrin tí kò ní ìwọ́ ọmọ nínú ulẹ̀, lọ́jọ́ tó bá kú, wọ́n á gbá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, ó parí."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ ọ́. Ó tún rẹ́rìn-ín sí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ọlálérè dé egungun. Ọdún méje ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, tó ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú gírámà. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi ń ka òwú láràárọ̀. Ó kéré tán, òwú ń jáde loṣooṣù. Ó gbé ọkọ́ ti ògiri, ó padà wá jókòó, ìjókòó ẹni tí ó rẹ̀.

"Yèyé, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe. Òwú lásán ni. Bí ẹnì kan bá tú ọ̀kan ṣoṣo wò, wọ́n á bú yín, wọ́n á bú mi, Ládépọ̀ á sì gba gbogbo rẹ̀."

"Ọlálérè."

"Yèyé."

"Nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn, ta ló wẹ̀ ọ́ títí o fi pé ọdún mẹ́rin?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló ń fi òróró àdín nu ìdodo rẹ, tó ń yọ ohun tó wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mo ti mọ ìdọ̀tí ìdodo kí o tó mọ Lọ́ńdọ̀n. Ìdodo tìrẹ gan-an ni mo ti kọ́ ọ. Mo tú èyí àkọ́kọ́ wò, mo rí i pé òwú síńgílẹ́ẹ̀tì ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún un dì."

Tíṣà la ẹnu. Ẹ̀kọ́ tó ti fi wákàtí kan kọ́ ọ padà sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí irun títí dé orí síńgílẹ́ẹ̀tì tuntun.

"Ẹ mọ̀?"

"Ládépọ̀ ni kò mọ̀."

"Bí òun bá tú u wò ńkọ́?"

"Ọkùnrin wo ló ń tú ìwọ́ ọmọ wò ní Ìkẹ́rẹ́ yìí? Ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Mo fi osùn pa wọ́n, a fi òwú dúdú dì wọ́n, déètì rẹ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká tó gbé wọn kalẹ̀, Ládépọ̀ ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá Adéwùnmí ka déètì láti ọ̀nà jíjìn."

"Ẹ ní 'a'. Ta ni 'a'?"

"Èmi àti Esther."

"Esther mi?"

"Ṣé o ní òmíràn? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ní òun ń lọ sí ọjà, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán, omi náà kò tán. Mo jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní kí n gbé òwú wá, pé láti ọdún mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí agolo yẹn máa ṣe òun lóore. Gbogbo wọn ló dì. Ó dì wọ́n dáadáa."

Ọlálérè fẹ́ kí Esther wà nítòsí, kò sì mọ ohun tí òun máa sọ fún un bó bá wà nítòsí.

"Báwo ni wọ́n ṣe wá pín in?"

"Bí Ládépọ̀ ṣe wí. Tirẹ̀ mẹ́rìnlá, tìrẹ mẹ́rìndínlógójì, gbogbo rẹ̀ àádọ́ta. Òun ló dá òfin, èmi kàn tẹ̀ lé e. Mi ò sọ pé o bímọ, Ọlálérè. Wọ́n ní ohun tó ti ìdodo wá, mo gbé ohun tó ti ìdodo wá. Bí wọ́n bá fẹ́ òmíràn, kí wọ́n sọ ọ́ dáadáa nígbà mìíràn."

Ó ti mú ẹ̀gúsí rẹ̀ padà. Nínú àwọn ìpín yẹn, ó ní, òun ti ṣètò èyí tó jẹ́ ti Àrìnpé, nítorí ọmọ mẹ́rìndínlógójì kò gbọdọ̀ jẹ́ ahun sí àǹtí wọn.

"Ti Àkúrẹ́ ńkọ́, Yèyé? Kí ni mo fẹ́ gbé síwájú wọn lọ́jọ́ Ajé?"

"Sọ fún wọn pé ìwádìí rẹ ti gba ulẹ̀ baba rẹ padà. Kí wọ́n bi Morákinyọ̀ pé ùgbín rẹ̀ mélòó ló ti gba ulẹ̀ rí."

"Wọn ò ní kọ ìyẹn sílẹ̀."

"Tí wọn ò bá kọ ọ́, a jẹ́ pé ìwé ni wọn ò ní."

Ọlálérè wo ọkọ́ náà lára ògiri. Láti ibẹ̀ dé oko kò jìnnà, ipò tó ti ń lá láti ọdún mẹ́ta sì wà lábẹ́ ìdí obì mẹ́rìndínlógójì. Ó dun ún, n kò ní purọ́ fún yín. Ó dìde, ó gbé ọkọ́ náà padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó ti mú un, ó wá jókòó ti Yèyé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí. Kò mọ̀ ọ́n bó. Yèyé ń bá a ṣa èèpo kúrò.

Nígbà tó yá, ẹ̀rù mìíràn bà á.

"Yèyé, nǹkan kan kù. Lọ́jọ́ kan, àwọn àgbà á fẹ́ fojú rí àwọn ọmọ náà."

"Wọ́n ti béèrè. Bàbá Adéwùnmí ní lọ́jọ́ ọdún uṣu tuntun, kí gbogbo wọn wá kí òun. Ládépọ̀ náà ní òun máa wà níbẹ̀."

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọmọ mẹ́rìndínlógójì?"

Yèyé Àrìnpé fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù, ó wo inú igbá bóyá ó kún.

"Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì rẹ?"

"Mọ́kàndínlógójì. Ṣùgbọ́n Yèyé, mẹ́ta nínú wọn ti ń fá irùngbọ̀n."

"Àwọn yẹn ni kó jókòó sí ulé."